Ṣá Rìn

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò ní Àlímátì,
Dauren nídìí ọkọ̀, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
èmi lẹ́yìn pẹ̀lú fíláàsì tíì àti àpò baúsákì,
ìbátan pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí kò mọ ṣúgà.
Ọ̀nà gùn bí àlàyé onígbèsè.
Pápá gbalasa, kò sí igi kan tí ojú lè fẹ̀yìn tì.
Ẹṣin méje dúró láìsí olówó wọn nítòsí,
afẹ́fẹ́ ń bá wọn ya irun.

"Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gbé àlejò wá síbí."
"Ìsàlẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"
Dauren yí rédíò sókè.

Lẹ́nu géètì ọgbà, ọmọbìnrin kan já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa,
ó fi gèlè bo imú nítorí eruku.
A wakọ̀ títí ilẹ̀ fi tán.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.
Ilẹ̀ tẹ́jú, ilẹ̀ tẹ́jú, ilẹ̀ tẹ́jú,
àfi bó ṣe lanu,
tí kò sì pa á dé láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní orúkọ.
Ògiri pupa, ògiri aláwọ̀ ata gbígbẹ,
ìlà lórí ìlà. Ta ni olóòlà?
Mo wo ìsàlẹ̀. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà tirẹ̀.

Ibí ni Dauren ti máa ń fa ìjókòó sẹ́yìn,
tí yóò fi fìlà bojú, tí yóò sùn.
Ó ti fà á tán nígbà tí Màmá Kulpash fi òrùka kan gíláàsì.
Ohun tó wí lédè Kàsáàkì, mi ò gbọ́.
Ojú tó fi wò ó ni mo gbọ́ yéké:
a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́.

Orúkọ odò tó gbẹ́ ọ̀gbun náà ni Ṣárìn.
Etí mi kọ̀, bí àṣẹ ló ṣe ń gbọ́ ọ: ṣá rìn.

A ṣá ń rìn.
Àtẹ̀gùn onírin, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́
tó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀.
Oòrùn kò ràn mọ́, ó ti jókòó léni léjìká.
Alángbá kan gbórí sókè, ó kà wá, mẹ́ta,
ó padà sábẹ́ òkúta rẹ̀.
Mo pe orúkọ ara mi sí ògiri;
ó dá a padà, àmọ́ kò mọ ohùn rẹ̀ pè,
ó sọ mí di ẹlòmíràn.

Ikùn Dauren ló ń lọ níwájú, òun ń tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Màmá, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin,
káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń bẹ oko wò.
Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn tó rẹ̀ kọjá;
ó juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ìró kan. Mo pè é ní afẹ́fẹ́.
Omi ni.
Omi aláwọ̀ wàrà tó ń sáré, tí kò kí ẹnikẹ́ni,
àti igi tí òjìji wọn tutù bí inú ìkòkò.
Màmá bọ́ bàtà, ó nàka sí bèbè kejì.
"Ibẹ̀ yẹn," Dauren túmọ̀ fún mi,
"ni bàbá mi ti ń da àgùntàn la odò kọjá.
Ọ̀kan já sómi. Ó bẹ́ tẹ̀ lé e."
Ó dákẹ́.
"Àgùntàn yẹn yè."

Mi ò béèrè ìyókù.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi, ó fi bọ́jú.
Màmá ki baúsákì kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́
bí ìgbà tó ń lọ sílé ìwé.
Ó ń jẹ ẹ́ tomitomi lójú. Omi odò ni.
Bóyá kì í ṣe omi odò.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìgòkè le.
Èmi wọ ọkọ̀ àwọn tó rẹ̀.
Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń wò wọ́n, ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn,
èèrà méjì lára ògiri pupa,
wọ́n ṣá ń rìn.