Orúkọ Mi ní Kétu

Láti Ìlárá ni ètè mi ti ń ṣiṣẹ́.
Bọ́njúù. Mèsí. Sìlífùpilẹ́.
Mò ń kà wọ́n bí ẹni ń ka owó tí kò tó.
Bàbá tó jókòó tì mí nínú mọ́tò rò pé àdúrà ni,
ó ní, "Àmín."

Ẹ̀ṣọ́ ibodè ṣí ìwé ìrìnnà mi, ó pa á dé.
Kò béèrè ju ohun tí ìyá mi ń béèrè lọ:
ibo lò ń lọ, ta lo mọ̀ níbẹ̀.
Ilé-ìwé ni mò ń lọ. N kò mọ ẹnì kan.
Ó sọ okùn tó dábùú ọ̀nà kalẹ̀,
okùn lásán, irú èyí tí à ń fi so ẹran.
Mo ti rò pé orílẹ̀-èdè á ní ìlẹ̀kùn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níwájú okùn, ilẹ̀ pupa. Lẹ́yìn okùn, ilẹ̀ pupa.
Ewúrẹ́ kan ń jẹko lọ́hùn-ún, ó jẹ ẹ́ dé ìhín
láìmú ìwé kankan dání.

Ṣùgbọ́n epo mọ́tò wà nínú ìgò lẹ́bàá títì,
ó ń dán bí oyin,
ọmọkùnrin kan sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú alùpùpù
bí ẹni ń sẹ́ ògì.
Ṣùgbọ́n búrẹ́dì gùn bí apá:
obìnrin kan há méjì sí abíyá, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tó kú, èmi náà á há a.

Ìdì náírà mi di ewé bíi mélòó kan
lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣẹ́ owó.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
"Kò dín, àbúrò. Sẹ́fà ni kì í sanra."

Mo dé ilé Ìyá Felisitẹ́, tí wọ́n ní kí n wọ̀ sí.
Mo kó gbogbo Faransé mi jọ, mo tò ó sẹ́nu bí àwo:
"Bọ́njúù, mààdáámù, jẹ sùíì..."
Ó wò mí láti orí àpótí, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.
"Ta ni ọmọ yìí ń bá jà?
Súnmọ́ ibí kí n rí ojú ẹ. Ṣé o ti jẹun?"

Gbogbo àwo fọ́.
Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí, ẹ̀rín ń pa àwa méjèèjì.

Yorùbá rẹ̀ ń na ọ̀rọ̀ níbi tí tèmi ti ń gé e.
Ọ̀rọ̀ kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń bu omi fún mi,
ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ rí, lẹ́ẹ̀kan péré,
lẹ́nu bàbá bàbá mi, lọ́jọ́ tí ibà gbé e dè.
Ó ń wí i, ó ń tún un wí, ó ń na ọwọ́.
A ní ìrànrán ni.
Kò sí ẹni tó fún un ní omi.

Lọ́jọ́ kejì, Mùsíyẹ̀ Laléyẹ, akọ̀wé ilé-ìwé,
ṣí ìwé ńlá. Mo ní Ṣubúọlá ni mò ń jẹ́.
Létà méje ni mo gbé wá láti ilé.
Mẹ́wàá ni mo bá níbẹ̀: Choubouola.
Àmì orí dànù, àmì ìdí dànù,
bí ọmọ tó ti ilé onídìrí dé
pẹ̀lú irun tí ìyá rẹ̀ kò rán an.
Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́.
Ó ní kí n pe tèmi. Mo pè é.
Ó ní kí n pe ti inú ìwé.
Mo pè é.
Ó tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Lálẹ́, ọmọ ilé ń ka iṣẹ́ àmúrelé lábẹ́ iná:
ó ka ẹ̀kọ́ ní Faransé,
ó bú àbúrò rẹ̀ ní Yorùbá.
Mo fẹ́ pe bàbá mi, kí n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.
Fóònù mi kò rí ilé mọ́.
Mo ṣí ìwé àjákọ mi tuntun, kí n má baà gbàgbé,
bírò dúró lọ́wọ́ mi:
ṣé u ni kí n fi kọ ọ́ ni,
àbí o pẹ̀lú u.