Àlejò Ara Ògiri

Oṣù karùn-ún rèé tí o ti wà lára ògiri gáréèjì wa,
ìwọ ínfátà funfun tí kò fọhùn.
Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ
bí ọmọ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.
Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń nu eruku ara rẹ.
Eruku Port Pirie kì í ṣe eruku lásán,
òjé wà nínú rẹ̀:
iléeṣẹ́ tí bàbá mi ti ń yọ́ òjé
títí tí ikọ́ fi di orúkọ rẹ̀.

Pasquale ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ kó tó lè rà ọ́.
Domenica ni orúkọ tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, orúkọ tèmi.
“O tà mí, o fi owó mi ra bátìrì,”
ni mo máa ń wí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Mo pe àjọ tó ń fọwọ́ sí i ní Adelaide.
Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ogójì ìṣẹ́jú,
kí ọmọkùnrin kan tó wá sọ fún mi pé
orúkọ rẹ wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀,
wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì yọ ọ́;
àfi kí irú rẹ padà lọ ṣe ìdánwò.
Ìdánwò kí ni?
“Màmá, bí iná ìlú bá kú,
ṣé yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà dákẹ́?
Kí a tó ka ení, kí a tó ka èjì?”
Mo ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti fẹ́ ọkọ mi,
kò sẹ́ni tó dán an wò bóyá ó mọ ìgbà tí à á dákẹ́.
Kò rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ tí ooru ń já ẹyẹ bọ́ lórí igi,
iná ìlú lọ.
Ínsúlínì Pasquale wà nínú fíríìjì, fíríìjì ti ń laagùn.
Oòrùn ọjọ́ náà ti rọ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì méjìlá
bí òjò tó rọ̀ sórí ìkòkò tí a dé.
Corrado, ọmọ àbúrò rẹ̀, gbé tọ́ọ̀ṣì dé:
“Àǹtí, síwíìsì kan péré ni. Ta ló máa mọ̀?”
Ọwọ́ mi ti kàn ọ́.
Mo gbọ́ tí nǹkan ń lù kìkì, bóyá ìwọ ni, bóyá èmi.

Ìgbà náà ni mo yọjú lójú fèrèsé.
Noreen Tscharke ti wà lókè òpó iná,
fìtílà lórí rẹ̀ bí ìràwọ̀ tó ṣìnà,
Noreen tí ìka mẹ́ta péré kù sí lọ́wọ́ òsì.
Ó sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kan tó wá ra tòmátò:
ilé kan ní ìgbèríko tan jẹnẹrétọ̀ nínú òkùnkùn,
iná gba inú wáyà padà, ó bá a lórí òpó.
“Wọn ò níkà,” ló wí. “Mílíìkì ọmọ wọn
ni wọn ò fẹ́ kó kan.”
Ó san owó tòmátò, ó lọ.

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.
Corrado wakọ̀ lọ ra yìnyín ní Crystal Brook,
ó bú mi lọ, ó bú mi bọ̀.

Síbẹ̀, kí àjọ yẹn má rò pé mo ti dárí jì wọ́n.
Òfin tó dáa, ṣé ó ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ni?
Ìwé dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n fọwọ́ sí i!
Pasquale gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì:
nọ́ńbà ara ínfátà tí wọ́n kọ síbẹ̀,
ẹyọ kan ṣì, wọ́n fi mẹ́fà sípò mẹ́jọ.

Mo tún ti pè wọ́n.
Orin yẹn náà ni.
Pasquale ti ń fi ẹsẹ̀ gbè é nílẹ̀.