Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Dùùrù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn,
tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ yín fi pọ́n,
ẹ ò mọ̀ pé ọ̀gá dùùrù nìkan kọ́ lẹ̀ ń yìn.

Èmi mọ̀. Èmi ni mo ń ṣí ìwé orin.
Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó lápá òsì,
kí n má wúkọ́, kí n má sín,
kí n dìde bí ọ̀gá bá ti mi orí,
kí n ṣí ewé kan péré, kí n tún jókòó.
Kò sẹ́ni tí í rí aṣíwèé àfi tó bá ṣí méjì pọ̀.

Dùùrù wa ní Òkè-Àgùnlá, owó kòkó ló rà á.
Àwọn bàbá wa to àpò síwájú pẹpẹ.
Opó kan mú ààbọ̀ àpò wá,
ó ní òun á san ìyókù lẹ́yìn ìkórè;
ó kú kó tó san án.
Ọkọ̀ òkun gbé dùùrù dé Èkó, lọ́rì gbé e gba Ọ̀rẹ̀,
kòtò kan sì tẹ ọ̀kan wọ̀ nínú àwọn fèrè ńlá,
èyí tóhùn rẹ̀ dà bí ti àgbàlagbà tó sùn sórí àga.
Wọn ò tún un ṣe títí dòní.
Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ń kùn nísàlẹ̀ orin,
ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni.

Dùùrù kì í dá mí. Ẹnìkan ní láti mí fún un.
Bàbá Akínmàdé ló mí fún un fún ọdún mẹ́tàlélógún,
ọmọ alágbẹ̀dẹ Òdòjọmu,
tí apá rẹ̀ ti mọ ẹwìrì kójú rẹ̀ tó mọ ábídí.
Ó máa ń ní: “Iná ni mò ń fín nílé bàbá mi.
Níbí, orin ni. Ọwọ́ kan náà ni:
má kánjú, má sì sùn.”

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.
Wọ́n fún bàbá ní Bíbélì eléèpo dúdú àti aago ara ògiri,
wọ́n ní kó lọ sinmi.
Ó gba aago náà. Kò gbé e kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́?
Oṣù mẹ́fà ni ọ̀gá Fágbàmílà fi kọ́ wa lórin náà,
ohùn mẹ́rin tó ń lé ara wọn kiri
bí ọmọdé tó ń sáré yí ilé ká,
tí ìyá wọn ò sì bá wọn wí.
Ó kù díẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ wọlé
ni iná lọ.

Òkùnkùn kọ́ ló dùn wá; àbẹ́là wà.
Dùùrù ló ń rọ lọ,
bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹní gbé jáde kúrò ní yàrá.
Ọ̀gá ò gbọ́wọ́ kúrò. Akọrin ò dákẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, kò jí.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn pákó kékeré
tí a ti fi àga fífọ́ dí láti ọdún mẹ́sàn-án.
Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń bi igi ẹwìrì léèrè, jẹ́jẹ́:
“Ṣé o rántí mi?”

Ó rántí.

Ohùn ìsàlẹ̀ wọlé. Ó falẹ̀ díẹ̀,
ẹ sì pè é ní ọ̀nà tuntun tí ọ̀gá gbé orin náà gbà;
ẹnìkan tilẹ̀ yìn ín lórí rédíò.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá.
Orúnkún rẹ̀ ló ń dá ìṣísẹ̀ orin,
gbogbo wa sì ń mí bó ṣe ń mí.

Nígbà tẹ́ ẹ dìde, tẹ́ ẹ hó yèè,
ọ̀gá tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta, ó nawọ́ sákọrin,
ó nawọ́ sí mi, ojú tì mí.
Kò nawọ́ sí ilẹ̀kùn kékeré.
Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa ni.

Mo lọ sẹ́yìn. Bàbá jókòó sórí àpótí, ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin.
Mo ní kó jẹ́ kí n mú un jáde, kẹ́ ẹ rí i.
Ó ní, “Kí wọ́n rí kí ni?
Ṣé wọ́n ń rí afẹ́fẹ́ ni?”
Ó wá bi mí bóyá mo ṣí ewé méjì pọ̀ ní apá kẹta,
torí òun gbọ́ ibi tí ọ̀gá ti fo ìlà kan.

Mo ṣí i pọ̀.
Òun nìkan ló mọ̀.