Ìwé Orúkọ ní Ẹnubodè Ìlà-Oòrùn

Aago mẹ́fà àárọ̀, yìnyín ti bo orí ọkọ̀ ogun ní Fort Haskett.
Verna Stuckey bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ èémí sí ìka,
ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìwé.
Kì í ṣe ìwé owó oṣù.
Kì í ṣe ìwé àwọn tó kú sójú ogun,
ìyẹn wà lára ògiri, wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́.
Ìwé tirẹ̀ kò ní wúrà.
Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀,
ọkùnrin mọ́kànlá tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi
pé wọ́n fipá bá ẹlòmíràn lò pọ̀,
tí wọ́n sì ń gbé láàárín wa, nínú ọgbà ológun,
níbi tí a ti máa ń sọ pé òde ni ewu ń gbé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé yìí kò sí.
Ìlú Brandt ní ìwé tirẹ̀, ṣẹ́rífù wọn ló ń ṣọ́ ọ,
ṣùgbọ́n ìwé ìlú kì í kọjá irin ẹnubodè.
Ṣẹ́rífù ní: ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, kò kàn mí.
Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní: ará ìlú ni, kì í ṣe ọmọ ogun mi.
Láàárín "kò kàn mí" àti "kì í ṣe tèmi"
ni Dale Rademacher wakọ̀ gbà kọjá,
ìyàwó tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sájẹ́ńtì ilé ìwòsàn,
àga, bẹ́ẹ̀dì, ajá kan lẹ́yìn ọkọ̀.
A yẹ ọkọ̀ wò. A wá ìbọn, a wá ọtí.
A béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá.
A kò bi alájá ní nǹkan kan.
Èmi ni mo gbé irin sókè.
Èmi ni mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé."

Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òpópónà Larkspur.
Ọmọ náà ti dàgbà tó láti ka ewì,
kò sì yẹ kó ṣèèṣì bá ara rẹ̀ pàdé nínú tèmi.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan:
kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, ó dùbúlẹ̀ sínú koríko
láti oṣù kẹsàn-án títí yìnyín fi bò ó,
títí yìnyín fi yọ́, tí kò sẹ́ni tó gbé e dìde,
nítorí ìyá ti kó ọmọ lọ sí Oregon lóru.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀.
Ògiri tiwa ga, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni adé rẹ̀.
Ibi tó ti lanu, inú ìwé ni.

Gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń wá tọwọ́ bọ̀wé:
àdírẹ́sì, nọ́ńbà ọkọ̀, fọ́tò tuntun.
Verna kì í kí wọn, kì í bú wọn.
Teague arúgbó, tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ,
ṣí fìlà lánàá, ó ní, "Ọdún mélòó ló kù fún mi?"
Verna ní, "Kíkọ niṣẹ́ mi, bàbá. Kíkà ni tìrẹ."
Ohùn rẹ̀ kò le. Mo rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá àánú ni.
Nígbà tó di alẹ́ ó lọ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà
láti ilẹ̀kùn Teague dé ibi jangirọ́fà àwọn ọmọdé:
ìgbésẹ̀ igba ó lé méjìlá.
Ó tún un wọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń dùn ún.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ní ìwé náà ń ba orúkọ àgọ́ wa jẹ́.
Verna ní, "Orúkọ wo, sà? Mọ́kànlá ló wà níbí."

Èmi ńkọ́? Mo ṣì wà nídìí irin.
Láàárọ̀ yìí ọkọ̀ kan dúró, ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi,
ó ń kó ilé rẹ̀ bọ̀: àga, ìkòkò, ẹyẹ nínú àgò.
Mo ní, "Orúkọ yín, sà, kí n tó béèrè ti ẹyẹ."
Ó ní pásítọ̀ lòun, ṣé bí a ṣe ń kí àlejò nìyẹn?
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Verna ń wo ìwé. Yìnyín ń já lu gíláàsì.
Irin ṣì wà nílẹ̀.