Ohun tí Ìyá Sènamí Sọ

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ wa ní Àgbádárìgì
bí a ṣe ń darí ọ̀rọ̀ láàárín èrò.
Mo ní ìwé, mo ní bírò pupa,
mo ní páálí funfun tí mo kọ ọ́ sí gàdàgbà:
ẸNÌ KAN LẸ́Ẹ̀KAN.
Mo ṣe bí iṣẹ́ ẹnu ni.

Ọkọ̀ gbé mi sọdá ọ̀sà ní Sátidé,
mo to àga ilé ìwé bí ẹni ń to àga ṣọ́ọ̀ṣì,
gbogbo wọn kọjú sí mi.
Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí.
Àwọn ará òkè ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni kó wà,
àwọn ará etí òkun ní abẹ́ àgbọn Hunpàtìn ni.
Àtìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti ń fà á.

Mo sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà!
Bí Baálẹ̀ bá dúró mí, mo ti bá a parí gbólóhùn.
Bí Sùlé bá yanu, mo ní, "Ohun tí ẹ ń sọ ni pé…"
ohun tí kò sọ
ni mo sì ń kọ sórí páálí.

Ìyá arúgbó kan dìde lẹ́yìn,
òróró àgbọn ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.
Èdè Ègùn ló ń sọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń nàka sílẹ̀.
Mi ò gbọ́ Ègùn.
Mo wo aago. Mo ní, "A dúpẹ́, ìyá,"
mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Ó jókòó, ó fi etí ìró nu ẹnu
bí ẹni jẹun tán nílé tí wọn ò ti bù fún un.

Ìpàdé tú. Àga méjì ṣẹ́.

Lálẹ́, ọ̀gá mi Abíọ́nà ń yọ eegun ẹja lábẹ́ àtùpà.
Kò bú mi. Ìbéèrè kan ló bi mí:
"Kí ni ìyá ẹ̀yìn yẹn sọ?"
Mo ṣí ìwé mi. Ojú ewé mọ́kànlá.
Orúkọ tèmi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Ó ní, "Atukọ̀ kì í ṣe ẹrù.
Sún kúrò láàárín ọkọ̀,
kí ẹrù ó ríbi jókòó."

Sátidé kejì, mo to àga yípo, wọn ò lórí, wọn ò nídìí.
Baálẹ̀ wá ibi tó yẹ òun títí, kò rí i,
ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó ti ọmọ apẹja kan.
Mo fi Máútín, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sènamí kó máa túmọ̀.
Mo béèrè ẹ̀ẹ̀kan. Mo ki ahọ́n bọ abẹ́ eyín,
mo ń kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta…
Nígbà tí mo dé ẹ̀wá, ìdákẹ́jẹ́ ń há mi
bí iyanrìn inú bàtà.
Mo dé ẹ̀tàdínlógún kí ìyá tó dìde.

"Ó ní," Máútín wí, "ọdún tí wọ́n bí bàbá mi,
wọ́n gbẹ́ kànga lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Iyọ̀.
Wọ́n gbẹ́ òmíràn lábẹ́ àgbọn. Iyọ̀.
Òun ló kọ́kọ́ pọn nínú méjèèjì,
òun náà ló dà á nù.
Ó ní òun sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá,
ẹ pàtẹ́wọ́."

Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.
Nígbà tó ṣe, Sùlé fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ilà sínú yanrìn:
"Ìyá, níbo wá ni kò níyọ̀?"
Èmi kọ́ ni mo bi í.

A ò tíì fẹnu kò o. Hunpàtìn ṣì ń kùn,
ìwé ìjọba sì ń gbó lọ lápò Baálẹ̀.
A fi í sí Sátidé.
Nínú ọkọ̀ tó ń dá mi padà, mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ Ègùn kan
lẹ́nu Máútín, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé
ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.
Mo ṣì í pè. Ó rẹ́rìn-ín.
Mo tún un sọ.