Àtùpà Aláwọ̀ Ewé

Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sún mọ́ mi,
etí mi ló di, ohùn mi kò tíì di.
Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìdí orin Múráínà.
Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, láti Ìlọrin, láti Èkó,
ọmọ yunifásítì tí a kò tíì bí nígbà tí ó kú.
Ẹ ó mu omi? Omi kànga ni o.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi Rẹ̀kíà bẹ̀rẹ̀.
“Rẹ̀kíà ọlọ́rùn gígùn, má bá àlejò lọ.”
Tọkọtaya ti fi jó títí bàtà fi já.
Obìnrin mẹ́ta ní Èrìn-Ilé búra pé àwọn ni Rẹ̀kíà,
ọ̀kan tilẹ̀ gbowó lọ́wọ́ oníròyìn.
Àgùntàn ni Rẹ̀kíà.
Àgùntàn ìyá rẹ̀ tí wọ́n tà lọ́jà Ọ̀wọ́dé,
owó rẹ̀ la fi ra gítà àkọ́kọ́, èyí tó nihò lẹ́gbẹ̀ẹ́
tí a fi gọ́ọ̀mù àti àjákù ìwé ìbò lẹ̀.
Wọ́n dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.
Múráínà ní ẹni tí yóò bá kọrin
yóò kọ́kọ́ ta nǹkan kan tó ń wò ó lójú.

“Ọ̀yun Kún” ńkọ́?
Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ rédíò kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́.
Ó ní àwọn ológun ni omi tó kún, ìlérí wọn ni afárá tó já.
Múráínà rẹ́rìn-ín, kò jiyàn.
Ohun tí mo mọ̀ ni òjò ọ̀sán kan,
òun àti apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ létí odò,
àwọn àna rẹ̀ lódìkejì, wọ́n ti pa ewúrẹ́ dè é.
Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń jẹ ànàmọ́ ní tútù.
Ibẹ̀ ló ti kọ ẹsẹ̀ kìíní.
Ẹsẹ̀ kejì, ebi ló kọ ọ́.

Ṣìfáwù ni ìyàwó yẹn.

Ó wá ku “Aláwọ̀ Ewé”, èyí tí gbogbo yín fẹ́ràn jù,
tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìkórè,
tí pásítọ̀ ní ìrètí ni,
tí lèmọ́mù ní ọgbà àlùjánńà ni.
“Wọ́n gbé ewé sókè, ọ̀nà là, tèmi lọ.”

Èmi ni mo ń gbé àtùpà ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà nígbà náà.
Pupa, dúró. Aláwọ̀ ewé, máa lọ.
Òru Àlàmísì kan, ọkọ̀ Kàdúná ti ń mí,
Ṣìfáwù ti wọlé, àpótí lórí, ọmọ lẹ́yìn.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kí n tó rí ojú:
Múráínà ń sáré bọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀,
gítà ń gbá a nídìí.
“Bùráímọ̀! Gbé pupa! Ìṣẹ́jú kan!”
Pupa wà lọ́wọ́ òsì mi.
Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn mi, aago lọ́wọ́,
ọmọ mẹ́fà wà nílé mi, owó oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta.

Mo gbé aláwọ̀ ewé.

Nínú Ọ̀fà tí a ti ń fi ìjàkadì ṣorò, kò bá mi jà.
Ó jókòó sórí irin tó ṣì ń gbọ̀n,
ó bi mí bóyá mo ní ṣìgá.
Lọ́dún kejì, orin náà jáde.
Ọdún mọ́kànlélógún, ibi yòówù kó ti kọ ọ́,
àga iwájú ló ń fi sílẹ̀ fún mi.
Mo ń jókòó. Mo ń pàtẹ́wọ́ bíi tiyín.
Kò ní òun dárí jì mí,
kò sì ní òun kò dárí jì mí.

Àwọn tó wá ṣáájú yín, ìkórè ni mo sọ fún wọn.

Iná pupa kékeré tó ń tàn lórí ẹ̀rọ yín yẹn,
ṣé ó ń gbọ́ mi ni,
àbí ó ní kí n dúró?