Ìwọ̀fà Inú Àwo

Aago ni mo ń tún ṣe ní Kútọ̀, n kì í ṣe olóko.
Ṣùgbọ́n Ṣóbándé jẹ mí lówó aago mẹ́ta,
kò rí i san, ó gbé igi wá:
ọdán kan tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ,
tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú àwo tánńganran,
nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba odidi ọjà sábẹ́ ìbòòji.
Ó ní, "Ìwọ̀fà ni. Títí n ó fi san án."
Ó yí padà, ó gba ọ̀nà Ìsàbọ̀ lọ.

Iṣẹ́ wo ni ìwọ̀fà tí ò lápá fẹ́ ṣe fún mi?
Ó ń wọ́wé, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.
Ewé ń já bọ́ sórí aago oníbàárà,
ó pọ́n bí ojú oníbà.
Mo bomi sí i. Ewé já.
Mo tún bomi sí i. Ewé tún já.
Àwọn àgbà ní omi kì í lọ́tàá;
ẹ wá bi gbòǹgbò igi yìí.

Mọ́rádékẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wá wá bátìrì.
Ó fi èékánná họ ẹ̀ka kan: gbígbẹ.
Ó họ òmíràn: gbígbẹ.
Ó họ ìdí igi: tútù yọ̀yọ̀, bí èèpo ilá.
"Kò tíì kú," ó wí. "Ìwọ lò ń rì í sómi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ti ilẹ̀kùn.
Mo fi awò olójú kan sójú, èyí tí mo fi ń wo ìfun aago,
mo sì yọ igi náà kúrò nínú àwo.
Òórùn! Bí ẹ̀fọ́ tó sùn sómi fún ọjọ́ mẹ́ta.
Kọ́bọ̀ kan ló lẹ̀ mọ́ ihò ìdí àwo, tó dí i pa.
Àṣé Ṣóbándé lówó lọ́wọ́.
Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bínú.
Gbòǹgbò dúdú ń já lọ́wọ́ mi bí okùn tó jẹrà.
Mo mú ẹ̀mú tín-ín-rín tí mo fi ń gbé ọwọ́ aago:
èyí tó dúdú, kó lọ; èyí tó funfun, kó dúró.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tan àtùpà.
Mọ́kànlá ló kù. Mo tún wọn kà. Mọ́kànlá.

Ẹni tó ń gbé abẹ́ òkúta kì í wá òkúta jìnnà.
Mo ṣa wẹ́wẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ́ ọ ní Ìjẹùn,
mo gún èédú, mo jọ iyanrìn odò Ògùn,
ilẹ̀ dúdú ò ju ìkúnwọ́ kan lọ.
Mo gbé e sábẹ́ tábìlì, níbi tí oòrùn ti ń yọjú tí kì í wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí.
Aago mẹ́rìndínlógún ló wà lára ògiri mi,
kò sí èyí tó bá tirẹ̀ dọ́gba.
Agolo omi wà nítòsí. Mo fi ọwọ́ kan di ìkejì mú.
Ìyẹn ló le jù níbẹ̀:
kí ọwọ́ tó fẹ́ràn nǹkan ó jókòó jẹ́ẹ́.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, òjò àkọ́rọ̀ ti fọ orí Olúmọ,
mo bẹ̀rẹ̀ láti wá ìṣó aago kan tó bọ́ sílẹ̀,
mo sì rí i: ṣóńṣó pupa kan, kò tó orí abẹ́rẹ́,
lẹ́yìn ẹ̀ka tí n kò fọkàn sí rí.
N ò pariwo. Mo pe Mọ́rádékẹ́ lórí fóònù,
ọ̀rọ̀ sá mọ́ mi lẹ́nu;
mo ní, "Bátìrì rẹ ti dé."

Ẹ̀ka apá òsì kú pátápátá. N kò gé e.
Ó nà jáde bí ọwọ́ aago tó dúró sí mẹ́sàn-án.

Wọ́n ní wọ́n rí Ṣóbándé ní Láfẹ́nwá, ó wọ bàtà tuntun,
ó ń bọ̀ wá ra ìwọ̀fà rẹ̀ padà.
Kó máa bọ̀.
N ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
n ó ní ojú ń dùn mí, n ó tún un kà,
títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí n ó ní kó padà wá lọ́la.
Kọ́bọ̀ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀.
Ìyẹn ni ṣéńjì.